Káàdì Nọ́ńbà Mẹ́tàlélógún

Ọjọ́ Àìkú, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀

Ìyàwó mi gbéra láàárọ̀ yìí. Báàgì kan, agboòrùn kan. Ó lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ìdáná, nǹkan mọ́kànlá ló tò síbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí n máa pa gáàsì. Ìkọkànlá ni pé kí n má gbàgbé àwọn ọmọ. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ pátápátá làwọn ọmọ wà. Ó ní bóun ṣe mọ̀ mí lòun ṣe tò ó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni yóò lò níbi tó ti ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti ń retí ààyè yìí láti ọdún mẹ́ta. Mi ò lè ní kó má lọ. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ ní kó má lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá wa sìn ín dé ibùdókọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló tọ́ mi dàgbà. Aránṣọ ni, ìlú kejì ló ń gbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà nílé kálukú wọn, ó wá ku òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ilé yàrá mẹ́rin. Bí bọ́ọ̀sì ṣe ń ṣí báyìí, ó ní kí n kó ẹrù Adájọ́ fóun. Adájọ́ ni àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ. À ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé tí ife bá fọ́ nílé, á ní ká má tíì bá ẹnikẹ́ni wí, ká jẹ́ kóun kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ife.

Mo ní mi ò ní fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé èmi tí mi ò ráyè bọ́ bàtà kí n tó sùn ni màá tọ́jú ọmọ, pẹ̀lú kíláàsì kẹfà tó wà lọ́rùn mi. A fà á títí bọ́ọ̀sì fi lọ tán pátápátá tí ẹnu sì ń rẹ̀ wá. Ibi tí a fẹnu kò sí nìyí: lọ́jọ́ tí ilé ìwé bá gba ìsinmi, ohun tí tíṣà Adájọ́ bá kọ sínú káàdì èsì rẹ̀ la ó tẹ̀ lé.

"Tó bá kọ pé nǹkan ń lọ dáadáa, o ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi mọ́," ó ní. "Tó bá kọ pé ẹ ò bójú tó o nílé, mo mú un lọ nìyẹn, ó di ìgbà tó bá jáde ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀."

Mo tètè gbà. Ilé ìwé kan náà ni èmi àti tíṣà kíláàsì kẹta tó ń kọ́ Adájọ́ jọ wà, mo mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà kò kọ ohun burúkú sínú káàdì ọmọ kankan rí. Ọmọ tó bá dáná sun kíláàsì, á kọ ọ́ pé onítara ọmọ ni. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi bọwọ́, mo sì wá ọkọ̀ fún un.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, Ọjọ́ Ajé

Ọ̀gá ilé ìwé wa pè wá jọ kí géètì tó ṣí tán. Obìnrin tí kì í jókòó ni. Ọmọ méjìdínlọ́gọ́ta ló wà ní kíláàsì mi, ìdánwò àṣekágbá wọn sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Ó ní kí n máa ṣe ẹ̀kọ́ àárọ̀ fún wọn láti aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí n sì máa yẹ ìwé ètò ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà tuntun méjì wò. Ó ní kò sẹ́ni tí ìkọ̀wé rẹ̀ dáa tó tèmi nínú ilé ìwé yìí. Mo mọ̀ pé ó ń pọ́n mi kí n lè gbà ni. Àmọ́ òótọ́ ló sọ.

Aago mẹ́fà ni mo gbọ́dọ̀ máa kúrò nílé. Àkọ́bí wa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní òun á máa múra fún Adájọ́, òun á mú un dé géètì wa kóun tó kọjá sí ilé ìwé tòun. Ó ní títí màmá òun á fi dé, òun nigbákejì nínú ilé yìí. Mo ní ta wá ni ọ̀gá. Ó wo òkè díẹ̀, ó ní èmi ni. Láti òní lọ, Igbákejì lorúkọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, Ọjọ́bọ̀

Búrẹ́dì ti gbówó lórí, ẹyin náà tẹ̀ lé e. Igbákejì ní ìrẹsì la ó máa jẹ títí ẹyin á fi ronú pìwà dà.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Ọjọ́rú

Òjò láti ìdájí. Òrùlé kíláàsì ń jò sórí tábìlì mi. Mo sún tábìlì. Ó wá ń jò sórí àga.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àròkọ méjìdínlọ́gọ́ta, mo gbé gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ. Ibi tí mo ti ń máàkì wọn ni mo ti rí ọwọ́ tó nà sókè lápá òsì mi. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn." Adájọ́ ni. Iyọ̀ ló ń fẹ́. Igbákejì rẹ́rìn-ín títí ó fi dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Mo bi í pé ìgbà wo ni àbúrò rẹ̀ ti ń nawọ́ kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ó ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ó ní òun náà ti dán an wò, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Adájọ́ tún mú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá pé kí n buwọ́ lù ú. Mo ní kó gbé e lé àwọn tó kù.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ̀kọ́ àárọ̀ ń dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe rò lọ. Kò sí ariwo, orí wọn ṣì tutù, èmi náà ò tíì bínú. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ ká ṣíwọ́, ṣùgbọ́n a kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde kí mẹ́jọ tó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀gá ní kíláàsì kẹfà lè máa fo ìpéjọ àárọ̀. Kò sí ẹni tó pàdánù nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Ọjọ́rú

Ara Adájọ́ gbóná láti alẹ́ àná. Mo fún un lóògùn, mo pe ìyàwó mi. Ó ní kí n fi aṣọ tútù máa nù ún lára, kí n sì jókòó tì í. Ìdánwò ìṣírò kíláàsì kẹfà bọ́ sí òní. Mo jókòó tì í títí aago mẹ́fà fi kù díẹ̀, mo wá fi í sílẹ̀ fún Igbákejì, òun náà ò sì lọ sílé ìwé nìyẹn.

Ojú tì mí nígbà tí mo ń kọ lẹ́tà àwáwí àwọn méjèèjì. Mo tún ọ̀kan kọ nítorí pé ìlà kejì rẹ̀ wọ́.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Ọjọ́ Ẹtì

Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Mo bi í bóyá orí ṣì ń fọ́ ọ, ó ní rárá. Mo padà sídìí ìwé mi. Nígbà tó ṣe mo tún bi í. Ó ní, "Dádì, ẹ ti bi mí lẹ́ẹ̀kan. Ìdáhùn mi ò tíì yí padà."

Ọ̀sẹ̀ kẹfà, Ọjọ́ Àìkú

Ìyàwó mi pè. Ó ní wọ́n gbé ọmọ kan fún òun tọ́jú tí gbogbo ara rẹ̀ kò tẹ̀wọ̀n ju àpò iyọ̀ kan lọ, òun sì ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ márùn-ún, nítorí pé wọ́n ní ó ń gbọ́. Ó bi mí nípa eyín Adájọ́. Mo ní eyín wo. Ó ní iwájú, lókè, tó yọ lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ ló sọ fóun. Mo ní kó má bínú, mo ti rí i, mo gbàgbé ni.

Mi ò rí i. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ mo ní kí Adájọ́ la ẹnu. Eyín méjì ló yọ, kì í ṣe ọ̀kan.

Ọ̀sẹ̀ keje, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n mi wá, ó rán aṣọ méjì wá fún àwọn ọmọ. Igbákejì wọ tirẹ̀, ó bá a mu. Apá aṣọ ti Adájọ́ kúrú, kò dé ọrùn ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ìgbà wo lọmọ yìí ga tó báyìí, pé ìwọ̀n tí mo fi ránṣẹ́ sóun ńkọ́. Mo ní aṣọ àtijọ́ ni mo wọ̀n. Ó tú apá aṣọ náà, ó sì fi ọwọ́ rán an. Tí ẹ̀gbọ́n mi ò bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Kó tó lọ, ó ní òun ti tún yàrá tó kọjú sí oòrùn kùn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Ọjọ́rú

Ọjọ́ ńlá. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí à ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀rín ló fi ń dáhùn ìbéèrè tí kò bá mọ̀. Láti ọdún tó kọjá ni ìdá nínú ìṣírò kò ti yé e. Láàárọ̀ yìí mo mú ọṣẹ ìfọṣọ gígùn kan láti ilé, mo gé e sí méjì, mo gé e sí mẹ́rin, mo gé e sí mẹ́jọ. Mo ní kó kó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ fún mi. Ó kó o. Mo ní kó wá sọ iye tó kù. Kò rẹ́rìn-ín, ó ní ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Mo kọjú sí pátákó fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n má rí ojú mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ohun tí mo ń tìtorí rẹ̀ jí nìyẹn.

Nígbà tí mo délé, Igbákejì ń wá ọṣẹ. Ó ní kí ẹni tó jí i gbé dá a padà kí òun tó pe ìpàdé.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, Ọjọ́bọ̀

Mo sùn tòun ti bàtà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá, Ọjọ́ Ẹtì

Ìdánwò parí. Ọmọ méjìdínlọ́gọ́ta wọlé, méjìdínlọ́gọ́ta jáde, ẹnì kan ṣoṣo ló sunkún. Mo rò pé màá sinmi.

Tíṣà kíláàsì kẹta bímọ láàárọ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Tìyátọmọ wà láyọ̀. Ó ti gba máàkì gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀, ó ti kọ orúkọ sí ẹ̀yìn káàdì èsì wọn, ṣùgbọ́n kò tíì kọ nǹkan kan sínú rẹ̀. Ọ̀gá pè mí. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó yanu. Káàdì mọ́kànlélógójì, ìkọ̀wé tó dáa, ó di Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo ní ọmọ mi wà lára wọn. Ó ní òun náà ti rò ó. Ó fi pépà bo ojú ibi tí orúkọ wà lára káàdì kọ̀ọ̀kan, ó sì fi píìnì gún un mọ́ ọn. Ó yọ ojú ewé orúkọ kúrò nínú rẹ́jísítà. Ó ní nọ́ńbà nìkan ni kí n máa tẹ̀ lé, kí ẹnì kankan má bàa sọ pé bàbá ló fún ọmọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ dídùn. Mo rántí àdéhùn èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ó wá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ tó máa mú ọmọ lọ tàbí tó máa dá a dúró ti máa jáde, mi ò sì ní mọ ibi tí mo bá kọ ọ́ sí. Mo sọ fún ara mi pé kò sí wàhálà. Tí mo bá dé orí ti Adájọ́, màá mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kejìlá, Ọjọ́ Ajé

Mo kọ káàdì láti aago mẹ́ta di aago méje ìrọ̀lẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ méjìlá tí mo máa ń lò fún káàdì, mo ti mọ̀ wọ́n lórí. Èkejì: "Ó ń tẹ̀ síwájú, kó má ṣe dẹwọ́." Èkẹfà: "Ó lè ṣe jù báyìí lọ." Èkọkànlá wà fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀ jù. Èèyàn lè fi wọ́n kọ káàdì ọgọ́rùn-ún, kí òbí kọ̀ọ̀kan sì rò pé ọmọ òun nìkan ni wọ́n ń sọ.

Nígbà tí mo dé orí nọ́ńbà kẹsàn-án, mo mọ̀ pé Adájọ́ nìyí. Máàkì rẹ̀ ga, kò pẹ́ lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òbí buwọ́ lu gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ tó dáa jù fún un, mo sì rọra kọ ọ́. Ọkàn mi balẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ wá ń yá.

Nọ́ńbà kẹtàlélógún ló dá mi dúró. Ọmọ tó gbọ́n: ìṣírò rẹ̀ dáa, ó tilẹ̀ yanjú ìbéèrè ìdá tí kò tíì yẹ kó mọ̀. Àmọ́ ó pa ilé ìwé jẹ lọ́jọ́ mẹ́ta, ó pẹ́ lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlógójì, láti ọ̀sẹ̀ kẹta ẹnikẹ́ni ò sì buwọ́ lu iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ mọ́. Ipò kẹrìndínlógún. Mo gbé báírò sílẹ̀. Inú bí mi sí àwọn òbí yẹn. Àwọn òbí kan wà tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló yẹ ká ní kí wọ́n kúnlẹ̀ níwájú kíláàsì. Kò sí èyí tó bá a mu nínú ọ̀rọ̀ méjìlá mi, mo wá kọ tuntun: "Ọmọ tó ní òye ni. Kò jọ pé ẹnì kan ń ráyè fún un nílé. Mo rọ àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n wá ààyè, nítorí pé ọmọ náà kò ní dúró dè wọ́n."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mọ́ mi nínú.

Ọ̀sẹ̀ kejìlá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọ̀gá lu òǹtẹ̀, ó ṣí pépà kúrò lójú gbogbo orúkọ. Adájọ́ ni nọ́ńbà kẹtàlélógún.

Ọ̀sẹ̀ kejìlá, Ọjọ́rú

Mi ò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lánàá.

Mo lọ bá Ọ̀gá láàárọ̀. Ó ní òun rí i nígbà tóun ń lu òǹtẹ̀, òun sì rò pé ọmọ ẹlòmíràn ló ṣèèṣì jẹ́ orúkọ kan náà. Ó fa àpótí tábìlì rẹ̀, ó mú káàdì òfìfo kan jáde, ó ti lu òǹtẹ̀ sí i. "Àṣìkọ ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́," ó ní. "Lọ kọ òmíràn, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́." Mo gbà á, mo dúpẹ́.

Nílé mo pe Adájọ́, mo bi í ibi tó máa ń wà láàárọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti mú un dé géètì. Mo ti múra ìbáwí sílẹ̀. Ó ní, "Abẹ́ fèrèsé yín." Mo ní fèrèsé wo. Ó ní ti kíláàsì kẹfà, pé òkúta kan wà níbẹ̀ tóun ń jókòó lé, òun á jókòó títí a ó fi ṣíwọ́, kóun tó lọ sí kíláàsì òun. Tíṣà bi í lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọ̀dọ̀ Dádì òun lòun wà, tíṣà sì gbà bẹ́ẹ̀.

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń gbọ́ yín. Ibẹ̀ lẹ ti máa ń sọ̀rọ̀."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń fẹjọ́ sùn. Ó tún sọ fún mi pé ìdá kò ṣòro, pé òun ò mọ ìdí tí Ẹlẹ́rìn-ín fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó lọ ṣeré. Mo jókòó sí ìdáná, inú mi bàjẹ́ gan-an. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọgbọ́n kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejìlá, Ọjọ́bọ̀

Mo kọ káàdì kejì. Ọ̀rọ̀ keje ni mo lò, "Ọmọ tí ilé àti ilé ìwé jọ ń yangàn rẹ̀." Ìkọ̀wé náà gún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo tẹ́ àwọn méjèèjì sórí tábìlì.

Igbákejì bá mi níbẹ̀. Ó ka ọ̀kan, ó ka èkejì. Ojú ẹ̀ tó máa ń ṣe bíi ti àgbà padà di ti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó ní, "Èyí tuntun ni kẹ́ ẹ fún wọn. Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá lọ, èmi nìkan ni màá máa gbé inú yàrá yẹn." Mo ní mo gbọ́. Ó ní gbígbọ́ kọ́ lòun wí.

Lọ́sàn-án mo padà lọ sí ilé ìwé, mo sọ fún Ọ̀gá pé mi ò ní ṣe ẹ̀kọ́ àárọ̀ mọ́. Ó ní tí kò bá sí ẹ̀kọ́ àárọ̀, kò sí kíláàsì kẹfà; ẹlòmíràn ló máa gbà á, kíláàsì kejì ló ṣófo. Mo ní kó fún mi ní kíláàsì kejì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó jókòó. Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, ó dùn mí débi pé mo kọjá ẹnu ọ̀nà wa láìmọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejìlá, Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ̀gbọ́n mi dé láago mọ́kànlá. Báàgì òfìfo ló gbé wá. A jókòó ní pálọ̀ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Káàdì méjèèjì wà lápò ẹ̀wù mi, Igbákejì sì ń wo àpò náà.

Èyí àkọ́kọ́ ni mo fún un. Mi ò lè sọ pé nítorí òtítọ́ ni. Ó lè jẹ́ nítorí pé mo ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún kọ̀wé sí àwọn òbí, mo sì máa ń bínú sí àwọn tí kì í kà á. Igbákejì bo ojú.

Ẹ̀gbọ́n mi kà á jẹ́jẹ́. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ẹni tó di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo ń kọ́ láti kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ni, kò sí bí mo ṣe lè fi ìkọ̀wé mi pamọ́ fún un.

"Ìwọ lo kọ èyí."

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Tíṣà rẹ̀ bímọ."

"O mọ̀ pé òun ni?"

"Mi ò mọ̀. Wọ́n bo orúkọ. Mo rò pé ọmọ ẹlòmíràn ni."

Ó gbé káàdì náà lé orúnkún. Ó wá ní ohun tó dun òun jù nìyẹn, pé ọmọ ẹlòmíràn ni mo ráyè rí. Ó ní àdéhùn ni àdéhùn, ó sì ní kí Adájọ́ lọ kó aṣọ rẹ̀ wá. Adájọ́ ò dìde. Ó ní wọn kì í dá ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, òun ò tíì gbọ́ tẹnu Dádì.

Gbogbo wọn wá ń wò mí. Mo kọjú sí Adájọ́. Mo ní, "Mi ò ṣe dáadáa sí ọ. Mo fẹ́ kó o dúró lọ́dọ̀ wa. Mo ti ní kí wọ́n gba kíláàsì kẹfà lọ́wọ́ mi. Tó o bá ní o fẹ́ lọ, màá gbé báàgì rẹ dé ibùdókọ̀, mi ò ní bínú."

Adájọ́ ronú. Ó ní, "Ta ló wá máa kọ́ wọn?" Mo ní mi ò tíì mọ̀. Ó ní ìyẹn ò dáa fún wọn o, ṣùgbọ́n òun máa dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. Ó ní, "Sáà kan péré. Màá padà wá ka káàdì, kì í sì í ṣe ìwọ lo máa kọ ọ́." Lẹ́yìn náà ó jẹ́wọ́ fún mi ní ìdáná pé òun ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ti ra ìrọ̀rí tuntun. Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú Adájọ́ lọ fún ọ̀sẹ̀ kan nínú ìsinmi. Ó ní ọjọ́ mẹ́wàá. Mo gbà.

Káàdì kejì, Igbákejì ló fi dáná. Mi ò mọ ìgbà tó yọ ọ́ lápò mi.

Ìsinmi, ọ̀sẹ̀ kejì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Oòrùn díẹ̀, atẹ́gùn díẹ̀. Adájọ́ dé lánàá pẹ̀lú aṣọ tuntun alápò mẹ́rin. Ọ̀la nìyàwó mi ń bọ̀. Igbákejì ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ lòun wà, kò sì jí títí aago mẹ́wàá, ni èmi àti Adájọ́ bá jọ lọ sọ́jà.

Láti ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹjọ́ kan tó wáyé ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi. Oníbàárà kan wá, ó ní aṣọ òun há. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹlẹ́rìí, ó ní ẹ̀ka, ó ní ohun tí olúkúlùkù wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ń dáhùn, mo ń ní ẹ̀n-ẹ́n, mo ń ní lóòótọ́. Nígbà tí a dé ìkòríta ó dúró, ó ní, "Dádì, ta lẹ rò pé ó jẹ̀bi?"

Mi ò gbọ́ ìkan nínú ẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti wà ní kíláàsì kẹfà, mò ń rò ó bóyá ẹni tuntun tó máa gba kíláàsì mi mọ̀ pé kì í ṣe pátákó ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìdá. Mo lè sọ pé oníbàárà ló jẹ̀bi. Kò sí tíṣà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè tí kò gbọ́. Mo ní, "Mi ò gbọ́ ohun tó o sọ. Jọ̀ọ́, bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Ó ní ó gùn o. Mo ní mo mọ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ ojú mi wò bóyá mò ń tàn án. Pákó kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, mo jókòó sórí rẹ̀, mo sì fi ààyè sílẹ̀ fún un. Ó jókòó, ó fa aṣọ rẹ̀ bo orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.